Ọ̀rọ̀ Rábì Meir Kahane àti àwọn tó jogún rẹ̀

Ní ọjọ́ 23, oṣù Keje, ọdún 1984, àwọn ará Ísírẹ́lì dìbò. Ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan tó ń jẹ́ Kach rí ìbò 25,907. Kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí wọ́n dì, ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ tó bá ti rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti rí àga nìyẹn. Bí Rábì Meir Kahane ṣe di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí wọ́n ń pè ní Knesset nìyẹn, lẹ́yìn tó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rọ́nà gbé e gbà. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìwọ́de ayọ̀ lọ síbi Ògiri Ẹkún ní Jerúsálẹ́mù àtijọ́. Àárín ọjà àwọn Lárúbáwá ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń da àtẹ ọlọ́jà nù, wọ́n ń lu àwọn tí wọ́n bá pàdé, wọ́n sì ń pariwo pé kí àwọn Lárúbáwá kó ẹrù wọn kúrò nílùú.

Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá ti mọ Ísírẹ́lì. Àwọn èèyàn wa ń lọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́dọọdún, wọ́n á padà dé, wọ́n á fi JP síwájú orúkọ. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ń dé yẹn, ìlú òṣèlú ni, ìlú ẹjọ́ ni, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì ti bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yìí títí dé iwájú adájọ́: kí ni ká ṣe sí olórí ẹ̀sìn tó ń fi orúkọ Ọlọ́run pe ìkórìíra? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ Kahane yẹ ní mímọ̀ fún wa, nítorí àwa náà ò ṣàìní alákatakítí tó ń di Ìwé Mímọ́ mú.

Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, ọdún 1932. Martin David lorúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Rábì ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ọmọlẹ́yìn Ze'ev Jabotinsky, ẹni tó kọ́ àwọn Júù pé ọwọ́ líle nìkan ni wọ́n fi lè rí ilẹ̀ wọn gbà. Ọmọ náà wọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Betar tí Jabotinsky dá sílẹ̀. Nígbà tí Ernest Bevin, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí New York, Kahane wà lára àwọn ọmọ Betar tó lọ ń sọ ẹyin àti tòmátò lu ọkọ̀ rẹ̀, torí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń dá ọkọ̀ ojú omi àwọn Júù tó fẹ́ wọ Palẹ́sítínì padà. Ọlọ́pàá mú un. Kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà.

Ó kàwé. Ó kọ́ Tórà ní ilé ẹ̀kọ́ Mir ní Brooklyn títí ó fi di rábì, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ó ṣe rábì fúngbà díẹ̀ ní sínágọ́gù kan ní Howard Beach, ó kọ̀ròyìn, ó tilẹ̀ pín ìwé ìròyìn láti ojúlé dé ojúlé. Ní nǹkan bí ọdún 1965, ó ń lo orúkọ mìíràn, Michael King, orúkọ tí kò jọ ti Júù rárá, ó sì ń fi orúkọ yẹn wọlé wọ̀de láàárín àwọn tó ń ti ogun Vietnam lẹ́yìn. Lọ́sàn-án, rábì tó níyàwó tó sì ti bímọ ni. Níbòmíràn, ọkùnrin tẹ́nì kankan ò mọ ẹ̀sìn rẹ̀ ni.

Ọdún 1968 ló dá Jewish Defense League sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ní òun fẹ́ máa dáàbò bo àwọn Júù, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí JDL. Ká sọ òótọ́, ìbẹ̀rù tó rí dì mú kì í ṣe àròsọ. Àwọn Júù tó rọ́wọ́ mú ti ń kó kúrò ní àdúgbò bíi Brownsville àti Crown Heights; arúgbó àti mẹ̀kúnnù ló pọ̀ nínú àwọn tó kù sẹ́yìn, àwọn jàgùdà sì ń dá wọn lọ́nà. Lọ́dún yẹn kan náà, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní Ocean Hill-Brownsville da àárín àwọn Júù àti àwọn aláwọ̀ dúdú rú pátápátá. Ó sì jẹ́ pé ọdún mẹ́tàlélógún péré ló kọjá lẹ́yìn tí ìjọba Hitler ṣubú, ìjọba tó pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Ẹni tó bá dúró níwájú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, tó ní "Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láé", wọ́n á gbọ́ tirẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni JDL fi ṣe àsíá. Wọ́n tún ń sọ pé kí olúkúlùkù Júù ní ìbọn tirẹ̀ nílé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbájú mọ́ Soviet, níbi tí ìjọba kò ti jẹ́ kí àwọn Júù jáde kúrò nílùú. Èyí náà, ẹ̀hónú tòótọ́ ni, ọ̀pọ̀ Júù Amẹ́ríkà ló sì ń fi ìwọ́de àti àdúrà jà fún wọn. Ọ̀nà ti JDL yàtọ̀: bọ́ǹbù lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Aeroflot, wíwọ́ tẹ̀ lé àwọn aṣojú Soviet àti ìdílé wọn láti máa bú wọn. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1971, ẹnì kan yìnbọn wọ ilé àwọn aṣojú Soviet sí Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Inú yàrá tí àwọn ọmọdé ń sùn sí ni ọta wọ̀. Orí ló kó wọn yọ. Lóṣù Kìíní ọdún 1972, orí kò kó akọ̀wé kan yọ. Wọ́n ju bọ́ǹbù eléèéfín sí ọ́fíìsì Sol Hurok, ẹni tó máa ń mú àwọn òṣèré Soviet wá sí Amẹ́ríkà. Èéfín náà pa ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Júù sì ni òun náà. Wọ́n mú àwọn ọmọ JDL, ṣùgbọ́n ẹjọ́ fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní kóòtù, wọn ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀ títí dòní.

Ó ti ṣe díẹ̀ tí Kahane ti kúrò ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Lọ́dún 1971, ilé ẹjọ́ ní Brooklyn gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lórí ìdìtẹ̀ láti ṣe bọ́ǹbù. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Adájọ́ ní kó san owó ìtanràn 5,000 dọ́là, ó sì so ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún rọ̀ sí i lọ́rùn, pé bó bá tún dánwò, yóò lọ. Lásìkò yẹn kan náà ló bá Joseph Colombo, ọ̀gá àwọn Mafia kan ní New York, dòwò ọ̀rẹ́. Lóṣù Kẹsàn-án, ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Ísírẹ́lì. Lọ́dún 1975, wọ́n rí i pé ó rú àdéhùn ilé ẹjọ́ yẹn, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura ní Amẹ́ríkà kó tó padà.

Ní Ísírẹ́lì ni gbogbo ohun tó ń rò wá kó ara jọ sójú kan. Àwọn Lárúbáwá tó jẹ́ ọmọ Ísírẹ́lì tó bí ìdá kan nínú mẹ́fà aráàlú. Ìwé Ìkéde Òmìnira ọdún 1948 ṣèlérí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba fún gbogbo aráàlú láìfi ti ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ṣe. Ìwé yẹn kan náà sì pe Ísírẹ́lì ní ìlú àwọn Júù. Kahane ní ohun méjèèjì ò lè gbé pọ̀. Ó ní bí àwọn Lárúbáwá bá bímọ títí tí wọ́n fi pọ̀ ju Júù lọ, ṣé wọ́n lè fi ìbò sọ ìlú náà di tiwọn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìlú Júù ti tán; bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba tiwa-n-tiwa ti tán. Òun, ó ti mú tirẹ̀: kí wọ́n lé àwọn Lárúbáwá kúrò nínú Ísírẹ́lì àti ní ilẹ̀ tí wọ́n fi ogun gbà lọ́dún 1967, kí òfin Tórà sì jọba. Kò fi bò rárá. Orí pèpéle ló ti ń sọ ọ́, nínú ìwé ìròyìn, níwájú adájọ́.

Ìbéèrè yẹn ló fi ń gún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá sì dìde láti sọ̀rọ̀ ní Knesset, wọ́n á dìde, wọ́n á jáde. Yitzhak Shamir, olórí Likud, náà máa ń jáde. Ààrẹ Chaim Herzog kọ̀ láti bá a jókòó lẹ́yìn ìdìbò 1984, bẹ́ẹ̀ ó bá gbogbo ẹgbẹ́ yòókù jókòó. Mo gba tiwọn rò, ara ló ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àga tí èèyàn fi sílẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹni tó bá gbà pé Lárúbáwá tí wọ́n bí ní Násárẹ́tì ní ìlú náà bí ẹni tí wọ́n bí ní Tel Aviv ṣe ní in, ó yẹ kó jókòó, kó sì sọ bẹ́ẹ̀ létí gbogbo ilé. Díẹ̀ ló sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìbúra rẹ̀ nìkan tó ìtàn. Nígbà tí wọ́n ní kó búra pé òun yóò ṣòótọ́ sí ìlú Ísírẹ́lì, ó fi ẹsẹ kan láti inú Sáàmù 119 kún un, pé òun yóò máa pa òfin Ọlọ́run mọ́ títí láé. Àwọn tó gbọ́ ọ rò pé ìfọkànsìn ni. Láàárín àkókò yẹn, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ gba jíjẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ti di aṣòfin ìlú mìíràn, òun náà sì ń bá wọn ṣẹjọ́. Ohun tó ń sọ lọ́hùn-ún ni pé ẹsẹ Sáàmù yẹn kò jẹ́ kí ìbúra òun ní Knesset de òun tán. Nígbà tí èyí dé etí Shlomo Hillel, alága Knesset, ó ní kó padà wá búra tààrà láìfi nǹkan kan kún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní jẹ àǹfààní aṣòfin. Kahane gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó pàdánù, ó sì wá búra bí wọ́n ṣe ní kó búra. Ẹni tó ní òfin Ọlọ́run nìkan lòun mọ̀, ó fi Sáàmù ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti di ìwé ìrìnnà méjì mú.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 1984, ó gbéra lọ sí Umm al-Fahm, ìlú Lárúbáwá nínú Ísírẹ́lì, ó ní òun fẹ́ lọ ṣí ọ́fíìsì tí yóò máa bá àwọn ará ibẹ̀ ṣètò bí wọ́n á ṣe kó lọ sókè òkun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún aráàlú tú síta dí ọ̀nà, àwọn Júù kan sì wá dúró tì wọ́n. Ọlọ́pàá kò jẹ́ kó wọlé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, àwọn aṣòfin ti gba apá kan nínú ààbò tí ipò rẹ̀ fún un, kó má baà máa rìn wọ ìlú àwọn Lárúbáwá bó ṣe wù ú.

Lẹ́yìn náà ló kọ àbádòfin rẹ̀: kí ẹni tí kì í ṣe Júù má jẹ́ ọmọ ìlú, kí Júù àti ẹni tí kì í ṣe Júù má fẹ́ ara wọn, kí wọ́n má sì bá ara wọn lò pọ̀, kí wọ́n ya etíkun wọn sọ́tọ̀. Michael Eitan, aṣòfin Likud, jókòó, ó kọ àbádòfin Kahane sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọ òfin Nuremberg tí Hitler ṣe lọ́dún 1935 láti fi gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn Júù sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì pín in fún àwọn aṣòfin. Ẹnikẹ́ni tó bá lè kàwé rí bí wọ́n ṣe jọra. Ọmọ Likud lẹni yìí o, kì í ṣe ọ̀tá Síónì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ilé ẹjọ́. Kí ìdìbò 1984 tó wáyé, ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò ti ní Kach ò gbọ́dọ̀ dìde fún ìbò; ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò sí òfin tó fún wọn lágbára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Knesset kọ̀ láti gba àbádòfin rẹ̀ wọlé, ilé ẹjọ́ ní alága kò lè tìtorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ burú kọ̀ ọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba pinnu pé àwọn ò ní máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ilé ẹjọ́ tún gbè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbèjà ẹ̀tọ́ ẹni tó ń kéde ní gbangba pé òun yóò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan ní àìgbọ́n ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Adájọ́ tó bá ti fi ìríra jẹ́ òfin lórí Kahane lónìí, ọ̀nà ti là fún un láti fi jẹ́ ẹ lórí aṣòfin Lárúbáwá lọ́la. Iṣẹ́ aṣòfin ni láti ṣòfin, wọ́n sì ṣe é: lọ́dún 1985, wọ́n fi abala 7A kún Òfin Ìpìlẹ̀ Knesset, pé ẹgbẹ́ tó bá ń ru ìkórìíra ẹlẹ́yàmẹ̀yà sókè kò ní lè dìde fún ìbò. Lọ́dún 1988, wọ́n fi òfin náà yọ Kach, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí. Lásìkò náà, ìwádìí lẹ́nu àwọn olùdìbò ń fi hàn pé àga Kach yóò ju ẹyọ kan lọ. Kahane sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ jọ̀wọ́ jíjẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kó baà lè dìde fún ìbò yẹn. Ó sáré padà pé kí wọ́n dá a padà fún òun. Wọ́n kọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá, ọdún 1990, ó sọ̀rọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì Marriott East Side ní Manhattan, ó ń rọ àwọn Júù Amẹ́ríkà pé kí wọ́n kó lọ sí Ísírẹ́lì kó tó pẹ́ jù. Bó ti sọ̀rọ̀ tán tí àwọn èèyàn yí i ká, wọ́n yìnbọn fún un lọ́rùn. El Sayyid Nosair, ọmọ Íjíbítì tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, sá jáde, ó yìnbọn fún bàbá àgbàlagbà kan tó fẹ́ dí i lọ́nà, ó sì já síta. Ọlọ́pàá iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kan kò ó lójú, wọ́n yìnbọn fún ara wọn, ibẹ̀ ni Nosair ṣubú sí. Kahane kú lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yìnbọn pa àgbàlagbà Palẹ́sítínì méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ní abúlé Lubban al-Sharqiya; gbogbo èèyàn ló gbà pé ẹ̀san ni.

Ẹjọ́ rẹ̀ bani nínú jẹ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 1991, ìgbìmọ̀ àwọn aráàlú tó ń dá ẹjọ́ ní Nosair ò jẹ̀bi ìpànìyàn, ọ̀rọ̀ ìbọn tó gbé àti àwọn tó ṣe léṣe nìkan ló jẹ̀bi rẹ̀. Adájọ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ìdájọ́ yẹn kò bá ẹ̀rí mu, ó sì fún un ní ẹ̀wọ̀n tó gùn jù tí òfin gbà á láyè, ọdún méje ó lé díẹ̀ sí méjìlélógún. Àwọn ọlọ́pàá ti kó àpótí ìwé púpọ̀ nílé Nosair ní New Jersey, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Kò sẹ́ni tó tú u yẹ̀ wò dáadáa. Lóṣù Kejì ọdún 1993, bọ́ǹbù dún lábẹ́ World Trade Center, ó pa èèyàn mẹ́fà, àwọn ojúlùmọ̀ Nosair ló sì wà nídìí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n padà sídìí àpótí. Lọ́dún 1995, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá Nosair lẹ́bi pẹ̀lú Ṣéù Omar Abdel-Rahman, ikú Kahane sì wà nínú ẹ̀sùn náà. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n fún un.

Àwọn tó ka Bíbélì mọ ihò Mákípẹ́là ní Hébúrónì, èyí tí Ábúráhámù fi irinwó ṣékélì fàdákà rà lọ́wọ́ Éfúrónì ará Hítì láti sin Sárà sí. Wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ, ó kọ̀, ó ní òun yóò san iye tó tọ́. Mùsùlùmí ń kírun níbẹ̀, Júù ń gbàdúrà níbẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 1994, ọjọ́ Jímọ̀ nínú oṣù Ààwẹ̀, tó tún bọ́ sí ọjọ́ ọdún Púrímù, Baruch Goldstein wọ aṣọ ológun Ísírẹ́lì, ó gbé ìbọn, ó wọ ibi tí àwọn Mùsùlùmí ti forí kanlẹ̀. Dókítà ni, ọmọ Brooklyn bíi Kahane, ó sì ti ṣojú Kach nínú ìgbìmọ̀ ìlú Kiryat Arba. Ó pa èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó ṣe ju ọgọ́rùn-ún léṣe, kí àwọn tó kù tó lù ú pa. Yitzhak Rabin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, dìde ní Knesset, ó ní ẹ̀sìn Júù tó ní làákàyè ń tu irú wọn dà nù. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba rẹ̀ fi òfin agbésùnmọ̀mí de Kach àti Kahane Chai, ẹgbẹ́ tí Binyamin ọmọ Kahane dá sílẹ̀. Lóṣù Kẹrin, Hamas, ẹgbẹ́ àwọn Palẹ́sítínì tó ń bá Ísírẹ́lì jà, fi bọ́ǹbù pa èèyàn mẹ́jọ ní ìlú Afula ní Ísírẹ́lì, wọ́n ní ẹ̀san Hébúrónì ni. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2000, àwọn Palẹ́sítínì tó ba sọ́nà nítòsí Ofra yìnbọn pa Binyamin àti ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn.

Wọ́n sin Goldstein sí Kiryat Arba, létí ọgbà tí wọ́n fi orúkọ Kahane pè. Àwọn èèyàn ń ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀ bí ẹni ń ṣe àbẹ̀wò sí ibojì wòlíì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ Kach ìgbà yẹn ni Itamar Ben-Gvir. Lọ́dún 1995, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó gbé àmì iwájú mọ́tò Rabin sọ́wọ́ níwájú ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n, ó ní bí àwọn ṣe dé ìdí mọ́tò rẹ̀, àwọn á dé ìdí rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹlòmíràn yìnbọn pa Rabin. Lọ́dún 2007, ilé ẹjọ́ dá Ben-Gvir lẹ́bi rírú ìkórìíra ẹlẹ́yàmẹ̀yà sókè àti títi ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí lẹ́yìn. Ó di agbẹjọ́rò. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbé àwòrán Goldstein kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀, kó tó yọ ọ́ lọ́dún 2020 nígbà tí àwọn olóṣèlú kan ní àwòrán yẹn ò jẹ́ káwọn lè bá a ṣe. Abala 7A tí wọ́n ṣe torí Kahane ṣì wà nínú òfin. Òun ni ilé ẹjọ́ fi yọ Michael Ben-Ari, ẹlẹgbẹ́ Ben-Gvir, lọ́dún 2019. Wọ́n fi Ben-Gvir sílẹ̀.

Kò sọ gbogbo ohun tí Kahane sọ. Níbi ìrántí Kahane lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó ní òun ò sí lára àwọn tó fẹ́ lé gbogbo Lárúbáwá, àwọn tó wà níbẹ̀ sì hó lé e lórí. Ṣùgbọ́n ibi ìrántí Kahane ló ti sọ ọ́, ó sì yin ẹni tí wọ́n ń rántí. Oṣù yẹn kan náà, àjọṣe ẹgbẹ́ tó bá wọlé ìbò ti gba àga 14 ní Knesset. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún, Benjamin Netanyahu, olórí Likud, ẹgbẹ́ Shamir tó máa ń dìde jáde fún Kahane, ti fi í ṣe mínísítà ààbò orílẹ̀-èdè. Bí àwọn ọlọ́pàá Ísírẹ́lì ṣe bọ́ sábẹ́ rẹ̀ nìyẹn.